Bátìrì Tó Kú Kò Tíì Kú

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Ó lè bí ẹlòmíràn nínú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Kòkòrò náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní abúlé wa, bí rádíò bá dákẹ́, a ó ní ó ti kú. Bí pọ́tábù kò bá tàn mọ́, a ó ní ó ti kú. Bátìrì iná oòrùn tí kò gba iná mọ́, òun náà ti kú. Bí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, a ó jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ parí. Èmi sọ pé kò tíì kú. Nígbà tó wà lórí tábìlì, tó ń ṣiṣẹ́, kò ṣe ọmọ yín ní nǹkan. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, tí òjò ń pa á, tí ọmọdé ń fi òkúta fọ́ ọ, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ibi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo ń kọ́ àwọn ìyá ní ìwé. Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni a ń kà lọ́wọ́. Lójijì, èéfín dúdú kan gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Kì í ṣe èéfín igi. Kì í ṣe èéfín koríko. Ó ń rùn bí ike tó ń jóná, ó ń ta ni lójú, ó ń há ni lọ́fun. Ìyá kan tó pọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń wúkọ́.

Mo jáde. Mo bá aládùúgbò wa kan, ọkùnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ó ti kó wáyà iná jọ bí òkìtì, ó sì ti dáná sí i. Ó fẹ́ kí ike ara rẹ̀ jó kúrò, kí ó lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì jókòó ti iná náà, wọ́n ń fi igi tú u. Bátìrì mọ́tò méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí a ti fi àáké là. Omi inú wọn ti ń ṣàn lọ sí ọ̀nà kànga.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná yìí. Àwọn obìnrin ń kàwé nínú ilé, ọmọ sì wà lẹ́yìn wọn."

Ó wò mí. Ó ní, "Olùkọ́, ṣé èéfín ló ń pa ènìyàn? Ebi ló ń pa ènìyàn. Bí ẹ bá fún mi ní owó bàbà yìí, n ó pa á nísinsìnyí."

Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. Mo padà sínú ilé, mo ti fèrèsé, a sì tú ká láìpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ni mo kọ síhìn-ín.

Èmi náà jẹ̀bi

Kí n tó bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ kí n bá ara mi wí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, a kò ní owó láti ra ọ̀dà fún pátákó. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ mú píìlì tó ti kú wá, píìlì rádíò tàbí ti tọ́ọ̀ṣì. A ó fi òkúta fọ́ ọ, a ó kó ẹ̀tù dúdú inú rẹ̀ jáde, a ó gún un kúnná, a ó pò ó mọ́ oje ewé, a ó sì fi ọwọ́ lásán kun pátákó. Pátákó a dúdú, a máa dán. Ọwọ́ wa náà a dúdú. Bí a ti ṣe é nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe kọ́ àwọn tó tẹ̀lé mi.

Ẹ̀tù dúdú yẹn kì í ṣe èédú nìkan. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní manganíìsì. Àwọn tó ń wà á nínú ilẹ̀, tàbí tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fa eruku rẹ̀ símú fún ìgbà pípẹ́, a ti rí nínú wọn tí ọpọlọ àti iṣan wọn bàjẹ́, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé dáadáa mọ́. Láyé àtijọ́, wọ́n tún ń fi mẹ́kúrì díẹ̀ sínú ọ̀pọ̀ píìlì. Mi ò sọ pé ẹni tó kun pátákó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò ṣàìsàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo fi í lé ọmọdé lọ́wọ́, mi ò sì béèrè ohun tó jẹ́. Wọ́n ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Èmi kì í ṣe ọmọdé, mo sì pè é ní ọ̀dà.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń jù sẹ́yìnkùlé. Bátìrì mọ́tò, àti bátìrì ńlá tí ọ̀pọ̀ wa ń lò fún iná oòrùn, ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ló jẹ́ òjé. Omi inú rẹ̀ kì í ṣe omi. Ásíìdì ni, ó ń jó awọ, ó ń jó aṣọ, ó sì ń gbé òjé dání bí a bá dà á sílẹ̀. Òjé kì í jẹrà. Iná kì í jó o tán. Ibi tó bá bọ́ sí nínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà títí ọmọ ọmọ wa yóò fi máa ṣeré lórí rẹ̀.

Ọmọdé a fọwọ́ kan ilẹ̀, a tún fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Ara ọmọdé sì máa ń gba òjé ju ara àgbà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a lè pè ní èyí tí kò lè ṣe ọmọdé ní nǹkan. Ọpọlọ ló ń bá jà. Bí ó bá kéré, ọmọ a máa gbàgbé nǹkan, ìwé a máa ṣòro fún un. Bí ó bá pọ̀, inú a máa run ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dín kù, gìrì a mú un, ó sì lè kú. Àwa ńkọ́? Bí gìrì bá mú ọmọ, a ó ní ibà ni. Bí ọmọ kò bá gbọ́ ìwé, a ó nà án. Mi ò ní gbogbo ọmọ tí kò gbọ́ ìwé ni òjé ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ bátìrì nílé, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé yín.

Dígí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọ̀ǹgọ̀, òjé wà nínú rẹ̀. Ike ara wáyà, bí a bá sun ún, èéfín rẹ̀ ní májèlé tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Májèlé náà a bà sórí ewébẹ̀, adìẹ a jẹ ẹ́, àwa náà a jẹ adìẹ. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọmọ méjìdínlógún

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé mo ń dẹ́rù bà yín. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ìlú àwọn apẹja kan wà lẹ́bàá Dakar, Thiaroye-sur-Mer ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń fọ́ bátìrì mọ́tò láti yọ òjé rẹ̀ tà. Wọ́n ṣe é fún ọdún púpọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì kún fún òjé. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wa ilẹ̀ náà, wọ́n ń jọ̀ ọ́ bí ẹni ń jọ gàrí, kí wọ́n lè rí ìdì òjé tó kù nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn kó iyẹ̀pẹ̀ náà lọ sílé.

Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn wò, òjé ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó sì pọ̀ kọjá ààlà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá wọn náà rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ogun ló pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí àwọn òbí wọn ń ṣe kí ebi má bàa pa wọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ní ebi ló ń pa ènìyàn, ṣé ẹ gbọ́?

Èsì mi fún àwọn tó ń jiyàn

Àwọn kan ń sọ pé, "Òyìnbó ló kó o wá fún wa." Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ohun èlò iná àti ẹ̀rọ tí aráyé jù nù tó 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Nínú 100, díẹ̀ lé ní 22 péré ni a mọ̀ pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tú palẹ̀ bó ti yẹ. Nílẹ̀ Áfíríkà, kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ní ọdún 1988, wọ́n kó májèlé láti Ítálì wá dà sí Koko ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìjọba Áfíríkà fi ṣe àdéhùn ní Bamako ní ọdún 1991, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó pàǹtírí olóró wọ ilẹ̀ wa mọ́. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú àdéhùn náà. Síbẹ̀, mọ́tò àlòkù tó ń bọ́ sílẹ̀ ní èbúté Kútọnù, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò: ẹ ó bá tẹlifíṣọ̀n àti fírígò àtijọ́ tí wọ́n kì sínú rẹ̀. Òmíràn ń ṣiṣẹ́, òmíràn ti bàjẹ́ láti ọ̀nà. "Àlòkù" ni orúkọ tí wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, mo gbà pé òyìnbó jẹ̀bi. Mo gbà pé ẹni tó ń ra òkú ẹ̀rọ wá tà fún wa jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò sí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwa ni a mú ìṣáná dání.

Àwọn mìíràn ń sọ pé, "Àwọn baba wa kò bẹ̀rù irú nǹkan báyìí." Àwọn baba wa kò ní bátìrì. Igbá ni wọ́n ní, àti ìkòkò, àti ọkọ́, àti àdá. Igbá tó sán, wọ́n a rán an. Ìkòkò tó fọ́, wọ́n a fi àpáàdì rẹ̀ kó iná. Òkú àdá, alágbẹ̀dẹ a sọ ọ́ di ọ̀bẹ. Wọ́n kì í ju nǹkan nù láìronú. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé àwọn baba wa, kí ó tẹ̀lé wọn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n sì sọ fún wa pé ìgbẹ̀yìn ni í dun olókùú àdá.

Àwọn kan yóò tún ní, "Ta ni olùkọ́ yìí, tí kò ní ju sẹ́tífíkà lọ, tó ń sọ ti òjé àti ásíìdì?" Wọn kò purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ síhìn-ín, ẹ lè gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn, kí ẹ bi í bóyá irọ́ ni.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ òṣì. "Owó ni mo ń wá." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣírò tí a kọ́ ní kíláàsì ṣe é. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri máa ń ra bátìrì lódidi, wọ́n a sì wọ̀n ọ́n. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún odidi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún òjé lásán, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, tàbí èkíní nínú èkejì. Bí òjé lásán bá fi díẹ̀ lé, ẹ tún yọ aṣọ tí ásíìdì jó kúrò, ẹ yọ iṣẹ́ ọjọ́ kan kúrò, ẹ yọ owó ilé ìwòsàn ọmọ kan ṣoṣo kúrò. Kí ló kù lọ́wọ́ yín?

Ti wáyà ńkọ́? Bàbà tí iná kò kàn a máa pọ́n, iye rẹ̀ sì ga ju ti èyí tí iná ti sọ di dúdú lọ. Ẹni tó bá jókòó, tó fi ọ̀bẹ la ike wáyà, yóò pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba owó tó dára jù, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò sì lè mí. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìṣẹ́ ló sun wáyà yẹn. Ìkánjú ni.

Kí á tó sọ pé ó ti kú

Bí nǹkan bá dákẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: Ṣé ó ti kú lóòótọ́? Nígbà mìíràn, wáyà kékeré kan ló já, tàbí eruku ló dí i. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rádíò ṣe. Òun ni alágbẹ̀dẹ òde òní.

Èkejì: Ṣé ẹlòmíràn lè lò ó? Pọ́tábù kékeré tí ọmọ yín kò fẹ́ mọ́, ìyá àgbà tó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti Kútọnù lè máa lò ó. Ẹ yọ káàdì yín, ẹ nu àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ fún un.

Ẹ̀kẹta: Ṣé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí alátùn-únṣe lè yọ lò? Gbohùngbohùn rẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀, wáyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun tó ní irinṣẹ́ tú u. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

Ẹ̀kẹrin: Bí èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ rárá, ibo ni yóò wà títí ẹni tó ń rà á yóò fi dé?

Ìbéèrè kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn. Bátìrì ńlá, ẹ gbé e dúró ṣánṣán nínú ọpọ́n oníke tó nípọn, lábẹ́ òrùlé, níbi tó jìnnà sí kànga, sí ilé ìdáná àti sí ọmọdé. Ẹ má là á, ẹ má da omi rẹ̀ nù. Tẹlifíṣọ̀n, ẹ má fọ́ dígí rẹ̀. Bátìrì pọ́tábù tó ti wú, ẹ má lu ú, ẹ má gún un, ẹ má tún fi iná sí i mọ́, nítorí ó lè gbiná lójijì. Ẹ fi í sínú ìkòkò amọ̀ tó ní yanrìn gbígbẹ. Píìlì kéékèèké, kò sí ẹni tó ń rà á. Ẹ má tìtorí èyí jù ú sí ṣáláńgá tàbí oko. Ẹ kó o sínú bídọ̀ tó ní ọmọrí, kí òjò má bàa dé ibẹ̀. Kò tán ìṣòro, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọmọ máa fi ṣeré lọ. Ẹni tó bá sì lágbára, kí ó ra tọ́ọ̀ṣì tí a lè fi iná sí, kí píìlì lè dín kù nílé rẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní, "Bí mo bá tà á lódidi, ṣé ẹni tó rà á kò ní lọ fọ́ ọ níbòmíràn?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwọn kan yóò fọ́ ọ. Ní Gánà, àwọn ọ̀dọ́ sun wáyà fún ọdún púpọ̀ ní Agbogbloshie nílùú Accra. Nígbà tí ìjọba wó ibẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2021, iṣẹ́ náà kò tán, ó tú ká lọ síbòmíràn ni. Nítorí náà, kí olúkúlùkù má dá tà. Kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tàbí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kó ti gbogbo abúlé jọ sí ojú kan, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á ibi tó ń gbé e lọ, kí wọ́n sì yan ẹni tó ń gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ lódidi. Ẹni tó bá ní ogún bátìrì lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ẹyọ kan, bí wọ́n bá ti dá a lóhùn ni yóò gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bátìrì tuntun, mo ní ọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ mọ ọ̀nà abúlé wa nígbà tí ẹ ń gbé tuntun bọ̀. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi máa gbé òkú rẹ̀ padà, kí ẹ sì dín owó tuntun kù fún ẹni tó bá mú àtijọ́ wá. Ẹ̀yin mẹ́rì àti ẹ̀yin olórí abúlé, ẹ ń gba owó ọjà. Ẹ fún wa ní ibì kan tó ní òrùlé, tó ní ìlẹ̀kùn, níbi tí a ó máa kó nǹkan wọ̀nyí sí. A kò béèrè ààfin.

Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì wá kàwé lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà ní kíláàsì, ó sì ti ń kà geerege. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ka ewé yìí sí i létí lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè owó bàbà yín lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní in. Ọ̀bẹ mímú kan wà lọ́dọ̀ mi tó lè la ike wáyà. Nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́, ẹ wá mú un, èmi náà yóò bá yín jókòó là á.